Ihò Tí Gbóyèga Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Gbẹ́

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlẹ́pà ló fi pọ́n ẹ̀pà fún ọ, má tíì sọ ọ́ nù. Jẹ ẹ̀pà rẹ, kí o sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan.

Gbóyèga ni orúkọ rẹ̀. Ìgàndó ló ń gbé, típà ló ń wà, yanrìn ló ń kó. Ọdún owó Údójì ni, tí ìjọba fi owó kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Owó epo rọ̀bì ti wọ ìlú, gbogbo ènìyàn ń kọ́lé, awakọ̀ tó bá sì kọ́kọ́ gbé yanrìn dé ni onílé ń dá lóhùn.

Ọwọ́ Gbóyèga yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Bí o bá kí i tí kò gbọ́ dáadáa, yóò gbá ọ létí ná kó tó béèrè ohun tí o wí. Ó ti yọ eyín lẹ́nu awakọ̀ kan ní Ìkòtún nítorí pé ó fọn fèrè sí i. Títí, ìyàwó rẹ̀, ti mọ bí a ṣe ń wé gèlè bo ojú tó wú.

Ní ọjọ́ kan, Ràímì, awakọ̀ típà bíi tirẹ̀, yà á sílẹ̀ lórí òkè tòun ti ẹrù, ó sì ń rẹ́rìn-ín lọ. Ràímì ti ra tọ́pù sílíńdà tuntun ní Ìdúmọ̀tà. Irin ńlá tó bo orí ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Wọ́n ti la ihò inú tirẹ̀ fẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ti wá, kí ẹ́ńjìnnì lè máa mí dáadáa. Má bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ o, aránṣọ lèmi. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi pàápàá, bó bá kọṣẹ́, gbígbá ni mo máa ń gbá a.

Gbóyèga ní òun kò ní ra nǹkan kan. Ó ní irin ni ti Ràímì, irin náà ni tòun, fáìlì tí wọ́n fi ń fá irin sì ń bẹ lọ́wọ́ òun. Ó tú tọ́pù sílíńdà rẹ̀, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìnkùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá ihò inú rẹ̀ kó lè fẹ̀ bíi ti Ràímì. Nígbà tí Títí bẹ̀ ẹ́ pé eruku irin ń bọ́ sínú ògì òun, ó fi fáìlì náà fá a lápá títí awọ fi bó.

Babárìndé bá a lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ àwọn méjèèjì ní mẹ́káníìkì, ṣùgbọ́n Babárìndé ni ẹ̀gbọ́n. Oníjà paraku lòun náà kí Jésù tó gbà á là. Ó ti ìka bọ inú ihò náà, ojú rẹ̀ sì yí padà.

“Gbóyèga, ó tó. Omi ló wà lẹ́yìn irin yìí. Bí o bá tún fá a, yóò lu.”

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ lọ máa wàásù fún ewúrẹ́ jàre.”

Ó tún fá a. Nígbà tó dè é padà, ẹ́ńjìnnì náà bú bí ẹkùn, Gbóyèga sì yọ ahọ́n sí Ràímì lójú ọ̀nà.

Nítorí apá Títí, àwọn àna pè é. Ó fi ẹnu kan irin bí àwọn awakọ̀ ṣe ń ṣe, ó búra pé òun kò ní lu ìyàwó mọ́, òun kò sì ní mu ọtí tí òun ń mu lálaalẹ́ mọ́. Ó fi ọtí sílẹ̀ lóòótọ́. Ọwọ́ ni kò gbọ́. Kò pẹ́ tó fi gbá orí Títí mọ́ ògiri nítorí ọbẹ̀ tó tutù. Títí di ẹrù rẹ̀, ó di ilé ìyá rẹ̀ ní Akówonjo.

Inú ìbínú yẹn ni Gbóyèga wà tó fi ń bá Ràímì du òkè pẹ̀lú yanrìn tó kún dẹ́nu. Irin tó ti fá di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá lu. Omi ya wọ inú ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì gan pa. Bíréèkì kò lè mú ẹrù náà. Típà yí sẹ́yìn wálẹ̀, ó dojú dé sínú kòtò. Gbóyèga rápálá jáde láti ojú dígí tó fọ́, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú, kò sì yà síbì kan títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Babárìndé ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì rẹ̀.

“Ẹnu rẹ ló ba ọkọ̀ mi jẹ́. Ìwọ lo ṣépè fún mi.”

Kò pè é ní ìwọ rí. Ó gbé irin tí wọ́n fi ń já táyà, ó là á mọ́ orí rẹ̀. Babárìndé fi apá gbà á. Egungun dún bí igi gbígbẹ. Gbóyèga tún gbé e sókè, ẹ̀ẹ̀kejì bà á lórí, Babárìndé ṣubú, kò sì mira mọ́.

Àwọn mẹ́káníìkì lu Gbóyèga bí ejò, wọ́n dè é mọ́ igi. Wọ́n gbé Babárìndé lọ sí ọsibítù. Nígbà náà ni Ràímì fi ọkọ̀ tirẹ̀ wọ́ típà náà dé. Kò bú u. Ó tú tọ́pù sílíńdà náà níṣojú rẹ̀, ó gbé e súnmọ́ ojú rẹ̀ tó wú. “Ta ló lu ihò yìí, èmi àbí Babárìndé?”

Ihò kékeré kan wà níbẹ̀, ojú fáìlì yí i ká. Gbóyèga mọ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó bú sẹ́kún bí ọmọdé, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kúkú pa òun.

Ọlọ́run kò jẹ́ kí Babárìndé kú. Nígbà tó lajú, ó ní òun kò ní bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́, kí wọ́n mú àbúrò òun wá. Gbóyèga dojúbolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Bọ̀ọ̀dá, mo ti búra títí. Ọwọ́ mi kò gbọ́.”

“Irin tí fáìlì ti fá lọ, ṣé fáìlì lè dá a padà?”

“Rárá, sà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni ìbúra rẹ. Ò ń fá ọkàn burúkú, ó sì ń lu. Jésù kò ní kí o tún un ṣe, tuntun ló fẹ́ fún ọ.”

“Irú èmi yìí? Kí ni mo fẹ́ fi gbà á?”

“Ó ti fi ẹ̀jẹ̀ rà á fún ọ. Kì í ṣe tèmi tí o ta sílẹ̀ lónìí o, ti ara rẹ̀ ni.”

Ibẹ̀ ni Gbóyèga ti ké pe Jésù, ọkàn rẹ̀ sì yí padà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ràímì. Ó lọ sí Akówonjo, Títí ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, èmi ì bá mú odó náà mọ́ ọn. Títí ní òun yóò máa wò ó ná. Ó wò ó títí òjò ọdún náà fi dá, kó tó bá a padà sílé. Ọmọ odó náà kò wúlò mọ́, àfi fún iyán.

Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Ìgbà mélòó lo ti ní o kò ní ṣe é mọ́? O mọ ẹni tó ń gbọ̀n bí o bá ti ń wọlé. Má rò pé o ṣì ní àyè. Gbóyèga ò mọ̀ pé òun yóò gbé irin sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí lọ́jọ́ náà.

Kúnlẹ̀ síbi tí o wà. Bí o kò bá rí àyè kúnlẹ̀, tẹrí ba, kí o wí pé: “Jésù, èmi ni mo bà á jẹ́, n kò lè tún un ṣe. Fún mi ní ọkàn tuntun.” Wí i báyìí, kí o tó délé. Ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ ń dáná fún ọ lọ́wọ́.