Sípánà Abẹ́ Ìrọ̀rí Àṣìkẹ́

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kó wọlé, ẹni tó jókòó lókèèrè kó fa àpótí rẹ̀ wá. Ọbẹ̀ ṣì wà lórí iná, ìtàn yìí á parí kó tó jinná. Ìtàn ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n inú ọ̀dà àti wáyà ló ti hù.

Lábúlé kan lẹ́bàá Ọjà-Ọ̀dàn, lọ́dún 1988, ẹni tí kò bá ti Láńdírófà Bàbá Ọdẹkúnlé rí, àlejò ni. Láràárọ̀, kí ìrì tó gbẹ, ọkùnrin mẹ́wàá á fi èjìká ti ìdí ọkọ̀ náà. Àṣìkẹ́, ọmọ Bàbá, á jókòó sídìí sìtíárì, orin á sì máa dún:

Ẹ tì í o, ẹ tì í,
Bó bá jí, a ó jẹ,
Bí ò jí, a ó jẹ,
Ọwọ́ òfo ò sí nílé Bàbá!

Òótọ́ sì ni. Kò sí ẹni tó bá wọn tì í tí ìyá Àṣìkẹ́ kì í fún ní ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà.

Ọkọ̀ tuntun ti kọjá agbára wa nígbà náà. Bàbá pààrọ̀ bátìrì, ó pààrọ̀ sítátà tó ń jí ẹ́ńjìnnì, pàbó ló já sí. Iná iwájú ń tàn yòò, fèrè ń ké bí àkùkọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́, "gìrù... gìrù... kẹ́," ọkọ̀ ti sùn nìyẹn.

Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe ríwáyà láti Ìlaró, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Sàláúdéènì lorúkọ rẹ̀. Ó ga, ó dúdú, ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ta ló máa ń wà nídìí sìtíárì?" Sàláúdéènì bi wọ́n.

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Kí lo máa ń rí?"

Ẹnikẹ́ni ò bi Àṣìkẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. "Ṣóòkù, irin tí a máa ń fà kí ẹ́ńjìnnì tó jí yẹn, ó máa ń jó mi lọ́wọ́ tí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́."

Àwọn atìmọ́tò bú sẹ́rìn-ín. "Ó fi ṣóòkù pe ìkòkò ọbẹ̀!" Akínladé, ọ̀gá wọn, ló kígbe bẹ́ẹ̀.

Sàláúdéènì ò rẹ́rìn-ín. "Jẹ́ n wo ọwọ́ náà." Ó wo àpá rẹ̀ dáadáa. "O ò purọ́, àbúrò. Iná tó yẹ kó gba ọ̀nà ńlá ló ń gba ẹ̀bùrú, ó ń gba inú ṣóòkù. Ìwọ lo rí àrùn ọkọ̀ yìí, kì í ṣe èmi."

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọ Àṣìkẹ́ lára.

Sàláúdéènì wọ abẹ́ ọkọ̀. Láìpẹ́, wọ́n gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ níbẹ̀. "Ẹ wá wo nǹkan! Wáyà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ṣásí, irin gbọọrọ tó gbé ọkọ̀ dúró, nìyí. Ẹnì kan tú u, ó kun irin náà lọ́dà, ó wá tún wáyà dè lé ọ̀dà lórí. Iná kì í gba inú ọ̀dà kọjá! Òmùgọ̀ wo ló kun ọkọ̀ yìí?"

Gbogbo ojú yí sí Bàbá. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko kùn ún, dé ibi tí ojú kì í dé, tó sì ń fi yangàn. Akínladé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ni gbogbo agbo bá gbà á.

"Jáde lábẹ́ ọkọ̀ mi," Bàbá ní.

"Bàbá, ẹ foríjì mí, n ò mọ̀ pé..."

"Mo ní o jáde! Títì la ó máa tì í títí n ó fi kú."

Sàláúdéènì lọ láìfọwọ́ kan nọ́ọ̀tì tó de wáyà náà. Nínú ìkánjú, ó gbàgbé sípánà kan sílẹ̀. Àṣìkẹ́ mú un, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí.

Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti rán Àṣìkẹ́ ní Ìlaró, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yà sí ṣọ́ọ̀bù ríwáyà.

"Bátìrì ọkàn mi, o dé?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ dá sípánà yín padà."

"Ṣì mú un dání, olólùfẹ́. Ọjọ́ tí Bàbá bá gbà mí ni n ó gbà á."

Ẹ̀ẹ̀mejì làwọn ará ilé Sàláúdéènì wá bẹ̀bẹ̀, tí wọ́n tún tọrọ Àṣìkẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Bàbá lé wọn. "Ẹni tó pè mí lómùgọ̀ níwájú ilé mi? Ọmọ mi ò ní fẹ́ ẹ!" Àṣìkẹ́ sunkún títí. Ó mọ àrùn ọkọ̀ náà, oògùn rẹ̀ sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ wo ni yóò fá iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀ dànù?

Ó di ọjọ́ ọjà kan. Gbogbo abúlé ti lọ sí Ọjà-Ọ̀dàn. Bàbá, Àṣìkẹ́ àti Nímọ́tà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Àṣìkẹ́ tó lóyún, ló kù sílé. Ọ̀sán gangan ni ìrọbí mú Nímọ́tà. Omi ti dà, ọmọ ò yọjú.

"Bàbá, ẹ gbà mí o!"

Bàbá sáré yí kọ́kọ́rọ́. "Gìrù... kẹ́." Ó bọ́ sílẹ̀, ó fi èjìká òun nìkan tì í. Ọkọ̀ ò mira. Omijé bọ́ lójú Bàbá, èyí tí Àṣìkẹ́ ò rí rí láyé rẹ̀.

Àṣìkẹ́ sáré wọlé, ó gbé sípánà àti ọ̀bẹ ìdáná jáde, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ dákun, ẹ jẹ́ n fá ọ̀dà yín."

Bàbá wo sípánà, ó wo ọmọ rẹ̀. "Fá a, ọmọ mi. Fá a tán pátápátá."

Àṣìkẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú nọ́ọ̀tì, ó fá ọ̀dà títí irin fi ń dán bí eyín ọmọdé, ó dè é padà, ó dì í pinpin. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́.

Gìrìrìrì! Ó jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!

Ilé ìwòsàn ní Ìlaró ni Nímọ́tà bímọ sí, ọkùnrin làǹtìlanti. Nọ́ọ̀sì ní bó bá pẹ́ sí i díẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá yíwọ́. Bàbá ò dúró mu omi. Ó di ṣọ́ọ̀bù Sàláúdéènì, ó ṣí fìlà lórí.

"Èmi ni òmùgọ̀ tó kun ọkọ̀. O ṣeun, ọmọ mi. Ọmọ-ọmọ mi wà láàyè."

Sàláúdéènì ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Ẹnu mi ló ṣìṣe, Bàbá. Ẹ foríjì mí."

"Dìde. Kí ni kí n fi dúpẹ́?"

"Sípánà mi wà lọ́wọ́ ọmọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi, tòun tọwọ́ tó dì í mú."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. "Gbà á. Ṣùgbọ́n má kùn ún lọ́dà o!"

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Àṣìkẹ́ jókòó sínú Láńdírófà, ó ń dán bí oyin. Fífọwọ́kàn báyìí ni, ọkọ̀ á jí. Ṣùgbọ́n Bàbá ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ pẹ́ tí ẹ ti ń fi èjìká gbé ilé mi ró, n ò dúpẹ́ tó. Ọkọ̀ ò bẹ̀ yín lónìí, èmi ni mo bẹ̀ yín. Ẹ bá mi ti ọmọ mi sọ́nà."

"Háà, Bàbá!" Akínladé ní. "A ti rò pé ọkọ̀ tó jí ti gbé ẹ̀kọ wa lọ!"

Wọ́n tì í dé òpin abúlé:

Ẹ tì í o, ẹ tì í,
Ọkọ̀ jí, a ó jẹ,
Ìyàwó lọ, a ó jẹ,
Ọwọ́ òfo ò sí nílé Bàbá!

Níbẹ̀ ni Bàbá ti fa kọ́kọ́rọ́ lé Àṣìkẹ́ lọ́wọ́. Ó fa ṣóòkù, ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ jí. Ṣóòkù tutù lọ́wọ́ rẹ̀ bí omi àmù. Ó wo ọkọ rẹ̀ tó jókòó tì í, ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ bi mí, lọ́jọ́ náà, pé kí ni mo máa ń rí."

Àwọn atìmọ́tò padà sílé Bàbá, wọ́n jẹ ẹ̀kọ, wọ́n jẹ ẹran, kálukú gbé ikùn kíkún relé. Ẹ̀yin náà, ọbẹ̀ ti jinná. Ẹ wẹ ọwọ́, ẹ jẹun yó, kí ẹ máa fi orin relé.