Gílóòbù Méjì Lára Ẹ̀rọ Bàbá

Tàdáwà dúdú wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọbìnrin kan nílé ìtẹ̀wé bàbá rẹ̀, kò sì mọ̀. Ó gbé bébà tó ga dé àgbọ̀n mọ́yà, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀dọ́kùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn sì gbàgbé ohun tó bá wá.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ bá wa tún iná ṣe, àbí ẹ wá wo ojú mi ni?"

"Ọ̀kan nínú méjèèjì ni wọ́n rán mi," ni ọ̀dọ́kùnrin náà fèsì.

Injìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bàbá ọmọbìnrin náà kì í jẹ iná ara ògiri, tó ń lọ síwá sẹ́yìn. Iná tó ń lọ tààrà, tó sì lágbára, ló ń jẹ. Àpótí tó ń bá wọn yí i padà ti jóná, iṣẹ́ sì ti dúró.

Oṣù méjì ni ọ̀dọ́kùnrin náà fi ṣe tuntun. Ó to dáyóòdù tó ń darí iná sójú kan, ó so kàpásítọ̀ ńláńlá tó ń tọ́jú iná pamọ́. "Ọ̀gá Fíúsì" ni ọmọbìnrin náà ń pè é. Kí àpótí tó parí, wọ́n ti gbà láti fẹ́ra.

Lọ́jọ́ ìdánwò, inú ọ̀dọ́kùnrin náà dùn jù. Ó pa súìṣì, ó ní, "Olólùfẹ́ mi, wá fọwọ́ kan iṣẹ́ mi." Bàbá gbá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ dànù, ó fi irin kan ẹnu kàpásítọ̀. Ó dún gbàù.

"O pa súìṣì, iná ṣì wà níbẹ̀. Bí ìka mi méjì ṣe lọ nìyẹn. O ò ní mú ọmọ mi lọ."

Ẹni ejò bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá. Ṣùgbọ́n bàbá kò rí ekòló, ejò gan-an ló rí. Ọmọbìnrin náà sunkún títí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́kùnrin náà padà. Ó ti so gílóòbù méjì mọ́ kàpásítọ̀. Ó pa súìṣì. Wọ́n ṣì ń tàn, wọ́n ń fa iná tó ṣẹ́kù mu, títí wọ́n fi kú.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì?"

"Ọ̀kan lè jó, bàbá."

Ọ̀dọ́kùnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan kàpásítọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Bàbá wá mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé e lé e.

"Sọ fáwọn òbí rẹ kí wọ́n máa bọ̀."

Ìwé ìpè ìgbéyàwó wọn ni ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ tẹ̀. Bàbá fi ìka mẹ́jọ to lẹ́tà rẹ̀ fúnra rẹ̀.