Orí Fépù Aláwọ̀ Wúrà

"Ta ni yóò lò ó nínú ẹ̀yin méjèèjì?" ni ọkùnrin tó ń ta fépù bèèrè.

"Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni," Ayàwòrán dáhùn kíá, bí ẹni tó ti kọ́ ọ sórí láti ilé.

Ọkùnrin náà wo bàtà iléèwé tó wà lẹ́sẹ̀ wọn, ó wo aṣọ ilé tí wọ́n fi pààrọ̀ yunifọ́ọ̀mù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọjà ló fẹ́ tà. Ọjọ́ orí ẹni tó ń rà á kò kàn án. Ó to orí fépù mẹ́ta sórí káńtà onígíláàsì.

Fépù ni sìgá ayé òde òní tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́. Onírọ́bà tí wọ́n ń sọ nù bó bá ti tán ni àwọn ọmọ iléèwé sábà máa ń fà. Àwọn orí mẹ́ta yìí yàtọ̀: ńṣe ni wọ́n ń yí wọn mọ́ ara tí bátìrì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá rà á ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ wé wáyà tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní kọ́ìlì sínú rẹ̀, yóò ki òwú bọ àárín wáyà náà, yóò sì máa kán omi olóòórùn dídùn sí i díẹ̀díẹ̀. Bí iná bá ti mú wáyà gbóná, omi náà á di èéfín tó nípọn bí ìkùukùu. Torí wáyà wíwé yìí ni Ayàwòrán ṣe mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání.

Ẹ̀njíníà ni gbogbo kíláàsì ń pe ọ̀rẹ́ náà, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń tún wáyà inú àwọn ẹ̀rọ oníná wé: fáànù tó jóná, ẹ̀rọ tó ń fa omi, ẹ̀rọ ìlọta. Láti ìgbà tí ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì, ọmọbìnrin yìí ló ń bá a wé àwọn wáyà tó tín-ín-rín jù, bó bá ti dé láti iléèwé. Òórùn fáníìṣì kì í kúrò lára rẹ̀, epo dúdú kì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀. Bó bá jókòó, àwọn kan á fi ìwé bo imú. Ayàwòrán nìkan ni kò bo imú rí. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà, Ẹ̀njíníà ń ṣe ìṣirò fún un, òun náà ń ya àwòrán ìdánwò sáyẹ́ǹsì fún Ẹ̀njíníà.

Pẹ́ńsùlù Ayàwòrán kì í ṣe ti eré. Ó lè ya olùkọ́ sétí ìwé, kí olùkọ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tìbínú-tìbínú, kí ó wò ó, kí ó bú sẹ́rìn-ín. Iléèwé ńlá kan tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ti ní kó mú èsì ìdánwò àṣekágbá àti àwòrán méjìlá wá. Ṣùgbọ́n láti oṣù méjì sẹ́yìn ló ti ń bá àwọn kan tó ń fa fépù lẹ́yìn ògiri iléèwé rìn, ó sì fẹ́ kí èéfín tirẹ̀ ju ti gbogbo wọn lọ.

"Èyí dúdú yìí," ni ọlọ́jà wí, "kọ́ìlì kan ló ń gbà. Ikùn rẹ̀ jìn, ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà lókè, omi kì í jò ó. Òun ni mo máa ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Èkejì ń gba méjì, àmọ́ omi rẹ̀ tètè ń gbẹ. Ẹ̀kẹta yìí…"

Ayàwòrán ti gbé ẹ̀kẹta. Àwọ̀ wúrà ni, wọ́n fín òdòdó yí i ká. "Wo iṣẹ́ ọnà," ó wí jẹ́jẹ́. "Èyí ni mo fẹ́."

Ẹ̀njíníà gbà á, ó dojú rẹ̀ dé. Ìṣó kékeré kan wà láàárín ìdí orí fépù. Òun nìkan ló yẹ kó kan orí bátìrì. Ti èyí dúdú yọ jáde dáadáa. Ti aláwọ̀ wúrà rì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá irin tó yí i ká dọ́gba.

"Ara wo lẹ fẹ́ gbé e lé?" ọlọ́jà bèèrè.

"Páìpù onírin kan ni."

"Páìpù lásán? Èyí tí kò ní nǹkan kan nínú tó lè pa iná bí ewu bá dé? Ẹ má gbé èyí lé e o. Dúdú ni kẹ́ ẹ mú." Ó gbọn èjìká. "Àmọ́ ẹ̀yin lẹ lowó yín."

Ayàwòrán yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ìwọ lo mọ̀ nípa wáyà. Ṣé ó máa ṣiṣẹ́ àbí kò ní ṣiṣẹ́?"

Ta ló ti bi Ẹ̀njíníà ní irú ìbéèrè yìí rí? Orí rẹ̀ wú. Bó bá ní rárá, wọ́n á ní kò mọ̀ ọ́n ṣe ni.

"Ó máa ṣiṣẹ́," ó wí. Irọ́ kọ́ ló sì pa. Ó máa ṣiṣẹ́ lóòótọ́.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá lọ de ẹ̀rọ omi fún oníbàárà kan. Ẹ̀njíníà jókòó sídìí tábìlì bàbá rẹ̀, ó wé kọ́ìlì méjì tí wọ́n jọra bí ìbejì, ó dè wọ́n mọ́ òpó wọn nínú orí fépù náà, ó fi mítà wọ̀n wọ́n. Kò sí àbùkù. Ó wá fi bébà pẹlẹbẹ kan yẹ ìdí orí fépù náà wò lórí páìpù. Bébà kò ráyè kọjá.

Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Bí ìṣó yẹn bá fi lè wọlé díẹ̀ sí i, irin tó yí i ká á kan orí bátìrì, bátìrì á sì tú gbogbo agbára rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. Ó ti rí ẹ̀rọ tó jó torí ohun tó kéré ju èyí lọ. "Iná kì í mọ̀ pé ọmọdé lẹni," bí bàbá rẹ̀ ti máa ń wí nìyẹn.

"Kí lo rí níbẹ̀?" Ayàwòrán tó jókòó tì í bèèrè.

Àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ ẹ̀yìn ògiri ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan yọjú wọlé. "Ẹ̀njíníà wa! O kú iṣẹ́ o!"

Ẹ̀njíníà *wa*. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn dùn wọ̀ ọ́ lára bí omi tútù.

"Kò sí nǹkan kan," ó wí. "Ó ti tán. Gbà."

Ọjọ́ mẹ́rin ni nǹkan fi lọ déédéé. Èéfín Ayàwòrán bo ẹ̀yìn ògiri, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àwọn tó ń bo imú wá ń fún Ẹ̀njíníà láyè kó jókòó láàárín wọn. Òun kò fà á. Ó ń rẹ́rìn-ín ṣáá, ó sì ń sún sẹ́yìn díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá tẹ bọ́tìnì.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Ayàwòrán tẹ̀ ẹ́, kò rí èéfín. Ó rò pé orí fépù náà ló dẹ̀, ó sì fi agbára yí i le. Páìpù bẹ̀rẹ̀ sí gbóná. "Ẹ wò ó, ó ń…" Kò parí ọ̀rọ̀. Ó fẹ́ tú u kí ó lè yọ bátìrì, ibẹ̀ ló ti bú gbàmù mọ́ ọn lọ́wọ́ ọ̀tún.

Kí Ẹ̀njíníà tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn yòókù ti fò fẹ́rẹ́. Kò ku ẹnì kan lẹ́yìn ògiri àfi òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ké lórí ilẹ̀. Òun ló fi síkáàfù di ọwọ́ náà, tó sì sáré lọ pe olùkọ́.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gé ìka méjì tó fi ń di pẹ́ńsùlù mú. Àtàǹpàkò kù, ṣùgbọ́n kò lè ká mọ́. Àwọn àgbà ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Nígbà tí Ẹ̀njíníà gbọ́, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀: ìka mẹ́wàá, gbogbo wọn pé.

Ọ̀gá àgbà iléèwé wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ta ló to nǹkan yìí fún ọ?" Ayàwòrán ní, "Èmi fúnra mi ni, sà." Wọ́n bèèrè lẹ́ẹ̀mẹta, ìdáhùn kan náà ló fún wọn. Ẹ̀njíníà gbọ́ ọ, ó sì dákẹ́. Ó dákẹ́ títí ìdánwò fi dé. Nínú ìdánwò físíìsì, wọ́n ní kí wọ́n ṣàlàyé ohun tó ń mú kí wáyà gbóná jù. Ó kọ ọ́ kún ojú ìwé méjì. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣófo.

Lẹ́yìn ìdánwò ló tó lọ kí i nílé. Ìyá Ayàwòrán ń dirun fún oníbàárà ní yàrá iwájú.

"Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán, ọmọ mi." Ojú ìyá náà ti wọnú. "Ká ní irú ìwọ yìí ni ọ̀rẹ́ ẹ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu ni, ì bá má rí báyìí. Wọlé, ó wà nínú."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un ju èébú lọ. Ayàwòrán jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú báńdéèjì. Kò kí i.

"Ìbéèrè kan ni mo ní," ó wí. "Lọ́jọ́ tó o fi bébà yẹ̀ ẹ́ wò, ṣé o mọ̀?"

Ẹ̀njíníà lè sọ pé òun kò mọ̀. Kò sí ẹlẹ́rìí.

"Mo mọ̀."

Wọ́n ń gbọ́ ohùn kóòmù ní yàrá iwájú.

"Mo purọ́ fún ìyá mi," Ayàwòrán wí, "mo purọ́ fún ọ̀gá àgbà, torí mo rò pé o ò mọ̀. Mo ní kí n má ba ayé ẹ jẹ́ mọ́ tèmi." Ó kọjú sí ògiri. "Máa lọ."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ẹ̀njíníà kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Bàbá kò nà án, kò pariwo. Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́.

"Ọwọ́ ni mo ń kọ́ ẹ láti ọjọ́ yìí wá," ó wí níkẹyìn. "Mi ò mọ̀ pé ẹnu ló yẹ kí n kọ́kọ́ kọ́ ẹ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá àti ọmọ lọ bẹ ìyá Ayàwòrán. Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú obìnrin tí kò tó o lọ́jọ́ orí. Obìnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ dìde, sà," ó wí. "Mo ti gbọ́." Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, kò tún ṣí i fún Ẹ̀njíníà mọ́, Ayàwòrán pẹ̀lú kò sì tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí èéfín ń bà jẹ́ kò mọ sínú ẹ̀dọ̀fóró nìkan. Ayàwòrán jẹ̀bi, ó fi ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ ra àpọ́nlé àwọn tó sá nígbà tí ó ké. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí kòtò, tó dákẹ́ kí wọ́n má baà bínú sí i, jẹ̀bi ju ẹni tó kó sí i lọ. Ọ̀rẹ́ tó bá sọ pé "Má ṣe é" lè pàdánù ẹ̀rín ọjọ́ kan. Èyí tó dákẹ́ pàdánù ọ̀rẹ́ ọdún mẹ́rin, ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì pé.