Ọgbọ̀n Páálí Ẹja

Ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ lọ gba ẹja fún ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ní ilé yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí, ìbínú ló bá kúrò níbẹ̀. Páálí mẹ́wàá ló béèrè. Ọkùnrin tó ń pín ẹja ní kí wọ́n gbé mẹ́ta fún un.

"Bùrọ̀dá, mẹ́wàá ni mo wí."

"Mo gbọ́. Ẹja ò kárí ni."

Àwọn oníbàárà ti sọ ọkùnrin yìí ní Gé-e-kù, torí kò sẹ́ni tí kì í gé ọjà rẹ̀ kù. Ẹ̀rín ni ìyá ọmọbìnrin náà fi pàdé rẹ̀ nílé. "Ìwọ náà! Tó o bá fẹ́ mẹ́wàá, ọgbọ̀n lò ń béèrè. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn." Láti ọjọ́ náà, ó ń béèrè ọgbọ̀n, Gé-e-kù ń gé e sí mẹ́wàá, ayé ń lọ.

Báwo ni ìfẹ́ ṣe ráyè wọ inú otútù bẹ́ẹ̀? Ẹ má bi mí o. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́jọ́ kan, Gé-e-kù bọ́ kóòtù ara rẹ̀, ó fi bo ọmọbìnrin náà léjìká.

"Ẹja lo wá rà, àbí òjòjò?"

Ó rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi ń jẹun nínú abọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà ilé yìnyín, tí ọjọ́ tí kò bá sí ẹja gbígbà kì í dùn mọ́ ọn rárá.

Ìyá rẹ̀ fajú ro. "Ẹni tó ń gé ọjà mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo fẹ́ fọ́mọ fún? Tó bá fẹ́ràn rẹ lóòótọ́, kí n fojú rí i."

Ọmọbìnrin náà jíṣẹ́ yìí bó ṣe gbọ́ ọ. Lọ́sẹ̀ tí ẹran wọ́n, tí gbogbo ènìyàn ń sáré ẹja, Gé-e-kù fi ọwọ́ òfo dá àwọn tó kù padà, ó sì kó ọgbọ̀n páálí tí ọmọbìnrin náà béèrè pé pérépéré ránṣẹ́ sí ìyá.

"Àna mi rèé!" ni ìyá wí. Gbogbo owó ṣọ́ọ̀bù ló kó lé ẹja náà. Fírísà kún àkúnya, wọ́n to ìyókù sílẹ̀, wọ́n fi yìnyín bò ó.

Kí ọ̀sẹ̀ ó tó parí, ọkọ̀ ojú omi já ẹja rẹpẹtẹ sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀bá títì ni wọ́n ti ń tà á ní owó pọ́ọ́kú. Àwọn oníbàárà tó ń jà du ẹja lánàá ń kọjá lọ láìbojúwẹ̀yìn. Yìnyín yọ́. Òórùn gba àdúgbò, ṣọ́ọ̀bù sì kógbá sílé. Àwọn tí Gé-e-kù fi ẹja dù lọ fẹjọ́ sun ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá sì lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Ó wá bá ọmọbìnrin náà níbi tó ti ń fọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi pé mẹ́wàá lẹ fẹ́?"

"Mẹ́ta lo máa fún mi."

"Mo mọ̀ pé gbogbo wọn ló ń parọ́ fún mi. Mo rò pé ìwọ yàtọ̀ ni."

Kò sọ sí ọmọbìnrin náà lọ́kàn rí pé èèyàn lè sọ òótọ́ ní ilé yìnyín.

"Mo ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn," ni ọkùnrin náà wí. "Jẹ́ ká jọ lọ."

Ohùn ìyá wá láti inú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. "Sọ fún un pé mi ò bínú. Àmọ́ kó má wọlé."

Ìyá kò ní ọmọ mìíràn, kò sì ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ọkàn ọmọbìnrin náà gbọgbẹ́.

"Mi ò lè fi màámi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, gbogbo ọkàn mi ni."

Ohùn jẹ́jẹ́ ni Gé-e-kù fi béèrè.

"Mélòó ni kí n gé kúrò níbẹ̀?"

Ó yí padà, ó ń lọ. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó ń fọ ilẹ̀ lọ.

"Ṣé ó ti lọ?" ni ìyá béèrè.

"Ó ti lọ, mà."