Zenaida àti Ará Òkè

Ọjọ́ tí Zenaida Barragán kọ́kọ́ rí Crisóforo, ó rò pé òpè ni. Ẹnu ọ̀nà kíláàsì ni ọkùnrin náà dúró sí, aṣọ iṣẹ́ oko ápù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó di àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ mú. Zenaida ni olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ tí òbí wọn ń tọ ìkórè káàkiri ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti jáde. Ó da èdè Sípánííṣì bo ọkùnrin náà bí òjò. Crisóforo ń ṣa ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò gbọ́ èdè ni?" ni Zenaida bi í, ó ti ń wo aago.

"Mo gbọ́ méjì àbọ̀," ni Crisóforo fèsì. "Mixteco, èdè àwa ará òkè Mẹ́síkò, tí wọ́n bí mi sí, Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ń bá ọ̀gá oko jà, àti ìdajì tiyín yìí. Àǹtí, mélòó lẹ̀yin gbọ́?"

Ojú ti Zenaida. Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ní àfonífojì wa ní ìpínlẹ̀ Washington, níbi tí igi ápù pọ̀ ju ènìyàn lọ, tí ìgbéraga sì pọ̀ ju igi ápù lọ.

Maricela ni àbúrò náà ń jẹ́. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló kù fún ara wọn. Inú ọkọ̀ àtijọ́ kan létí odò ni wọ́n ń sùn, torí olóko ti wó yàrá àwọn òṣìṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ ní ètò ìrànlọ́wọ́ fún irú wọn lóòótọ́. Ọ̀gbẹ́ni Halvorsen ló ń darí rẹ̀, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn tálákà púpọ̀ bí tálákà bá ti dúró dáadáa níwájú kámẹ́rà. Ó fún Maricela ní báàgì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, bí ẹni pé àìfọyín ló lé ọmọ náà kúrò nílé. Ó ní kó rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi Sípánííṣì bá a sọ̀rọ̀, kò fèsì. Halvorsen bá pinnu pé ọpọlọ rẹ̀ kò pé. Lójú tirẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ti Mẹ́síkò wá, Sípánííṣì ló fi ń lálàá.

"Ọpọlọ rẹ̀ pé," ni Crisóforo sọ fún Zenaida tìbínú-tìbínú. "Nínú ọkọ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Kì í jẹ́ kí n sùn!"

"Kọ́ mi ní èdè yín nígbà náà."

Wọ́n wá ń dúró lẹ́yìn kíláàsì. Crisóforo ń kọ́ ọ, ó sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bí ahọ́n rẹ̀ bá kọsẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbàgbé ẹ̀kọ́. Ìfẹ́ ti wọlé.

"Ẹyinjú mi, kí ni màmá rẹ máa wí?" ni Crisóforo béèrè.

"Wọ́n á bú ẹ."

"Kí wọ́n bú mi. Ó ti mọ́ mi lára."

Màmá Obdulia, ìyá Zenaida, ló ni ilé oúnjẹ tó tóbi jù nílùú. Òun náà ti ṣa ewébẹ̀ nínú oko olóko rí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbọ́ ọ á rò pé ààfin ni wọ́n bí i sí.

"Ará òkè!" ló kígbe. "Nínú gbogbo ọkùnrin ayé, ẹlẹ́sẹ̀ ẹrẹ̀ tó ń sùn nínú ọkọ̀ lo rí? Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ bí ènìyàn! Bí o bá bímọ fún un, ṣé wọ́n á máa ké bí ewúrẹ́ ni?"

"Màmá, èèyàn gidi ni."

"Màlúù náà, gidi ni."

Papa Evodio, bàbá Zenaida, yọ́ wọ ilé ìdáná lọ. Ó bẹ̀rù ìyàwó rẹ̀ ju Ọlọ́run lọ.

Síbẹ̀, Zenaida mú Crisóforo àti Maricela wálé lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan. Màmá Obdulia bu oúnjẹ wọn sínú àwo bébà, ó ní kí wọ́n lọ jẹ ẹ́ lẹ́yìnkùlé, nítòsí irin gbígbóná tí wọ́n fi ń yan tọtíyà, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ.

"Aṣọ àga mi funfun," ló wí.

Crisóforo jókòó síta, ó jẹun, ó dúpẹ́. Zenaida fi àwo tirẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ jókòó tì í.

Ibẹ̀ ni Maricela ti gbé ọwọ́ lé irin náà. Igbe tó ké! Ó ń fi Mixteco pe ìyá rẹ̀ tó ti kú. Kí Crisóforo tó dìde, Màmá Obdulia ti sáré jáde, ó ti gbá ọmọ náà mọ́ra, ó ti ki ọwọ́ rẹ̀ bọ omi, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mixteco ló fi ń rẹ̀ ẹ́. Kò tase ọ̀rọ̀ kan.

Papa Evodio la ẹnu sílẹ̀.

"Màmá," ni Zenaida wí, "ará òkè ni yín?"

Obìnrin náà kò gbójú sókè. "Nílé ẹ̀kọ́, bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á gbá mi létí. Wọ́n ní èdè ajá ni. Mo búra pé ọmọ mi ò ní jẹ ìyà yẹn."

"Ìyà yẹn náà lẹ bù fún wọn lónìí, nínú àwo bébà."

Ẹ̀gàn tó wà lójú Zenaida lọ́jọ́ náà, kò sí ọmọ tó yẹ kó fi wo ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìyá tó yẹ ẹ́ ju Màmá Obdulia lọ. Ó kó aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, kò sì jẹ oúnjẹ ilé wọn mọ́.

Nígbà tó ṣe, Halvorsen pe ìpàdé kí wọ́n lè gbé Maricela lọ sí kíláàsì àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé. Ó ní òun kò lè gba ẹ̀rí Crisóforo, torí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni ilẹ̀kùn ṣí. Màmá Obdulia ló wọlé, nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Zenaida rò pé ìyá òun wá dójú tì wọ́n ni. Ìyá náà jókòó ti ọmọ náà, ó fi Mixteco bi í ní ọ̀rọ̀ kan. Maricela bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò dákẹ́ mọ́.

"Ó ní ìṣirò tí ẹ fi ń dán òun wò, ọmọ ọwọ́ ló ń ṣe é," ni Màmá Obdulia túmọ̀. "Ó tún ní kí ẹ gba búrọ́ọ̀ṣì yín, pé ẹ nílò rẹ̀ ju òun lọ."

Halvorsen pupa bí ápù. Kò pẹ́, ó ní ohun àgbàyanu lèyí, ó fa kámẹ́rà yọ, ó ní kí wọ́n sún mọ́ra.

"Ògiri nìyẹn," ni Màmá Obdulia wí. "Ya á."

Maricela kò kúrò ní kíláàsì rẹ̀. Níta, Crisóforo dọ̀bálẹ̀ lọ́kàn, ó ní, "Ẹ ṣé, mà."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì fẹ́ràn rẹ." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Zenaida, òtútù ń bọ̀. Yàrá òkè ilé oúnjẹ ṣófo. Kí wọ́n kó wá. Ọmọ mi ò ní í fẹ́ ẹni tó ń sùn létí odò."

Zenaida dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Nígbà tí ápù tán lórí igi, wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Àwọn ọlọ́lá ìlú pé, àwọn tí wọ́n ti jọ ń fi ará òkè ṣẹ̀sín. Màmá Obdulia dìde, ó gbé ọwọ́ lé orí ọkọ àti ìyàwó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í súre fún wọn ní Mixteco, lóhùn rara. Àwọn kan gbé ife wọn kalẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn. Crisóforo ń sunkún.

Papa Evodio fa aṣọ ìyàwó rẹ̀. "Obdulia, kí lo ń sọ?"

"Ọgbọ̀n ọdún la ti jọ ń sùn," ni obìnrin náà fèsì, "o ò bi mí níbi tí mo ti wá rí. Jókòó, kí n parí àdúrà mi."