Ẹrù Tó Wà Nínú Àwo Kẹta

Ẹ má pè é ní àlá. Ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀, àpá rẹ̀ sì wà lọ́rùn mi.

Kúbúrátù ni mí. Boukoki, àdúgbò kan ní Niamey, olú ìlú Niger, ni wọ́n bí mi sí. Ilé àyẹ̀wò kan níbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A máa ń gé DNA wẹ́wẹ́, a ó sì wá ohun tí yóò gbé e wọ inú ẹ̀dá mìíràn. Plásímíìdì, òrùka tíntìntín, ló ń gbé ẹrù kékeré. Fáírọ́ọ̀sì tó ń pa bakitéríà ń gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹrù ńlá, inú ìwúkàrà là ń kó o sí. Àwo mẹ́ta, ọ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan; ìwúkàrà ló wà nínú ẹ̀kẹta. DNA inú ẹ̀jẹ̀ tèmi ni mo lò.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Àwọn tó kù ti lọ kírun. Èmi àti Séènì nìkan ló wà níbẹ̀. Ọmọ Zarma ni, òun ló ń fọ àwo. Kò gbọ́ Yorùbá rárá.

Iná lọ. Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́. Nǹkan fọ́.

"Séènì?"

Àwo kẹta ni. Gíláàsì ti gé e lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ń kán. Òórùn ìwúkàrà gba yàrá.

"Kò tó nǹkan, Madame," ó fi Zarma dáhùn.

Ó wolẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè. Yorùbá ló wá jáde lẹ́nu rẹ̀. Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́.

"Àbẹ̀ẹ́bí."

Ìyá ìyá mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́, nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ó ti kú láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn.

"Ta nìyẹn?"

"Àbẹ̀ẹ́bí, ẹ ti gé mi wẹ́wẹ́."

Ó fò mọ́ mi. Ó fún mi lọ́rùn. Ó gbá orí mi mọ́ ògiri, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì. Eyín mi kan yọ. Mo ta ràrà, ọwọ́ mi ba àga irin. Mo là á mọ́ ọn lórí. Kò fi mí sílẹ̀. Mo tún là á. Egungun dún. Ó ṣubú, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ṣì ń mì.

Mo sun àwo méjì tó kù kí wọ́n tó ti mọ́ṣáláṣí dé.

Láàárọ̀ àná, Sùmáyyà, ìyàwó Séènì, pè mí láti ọsibítù. Ó ń sunkún.

"Ó ti jí, Madame. Kò gbọ́ Zarma mọ́. Kò mọ̀ mí. Wọ́n ní èdè yín ló ń sọ. Kí ló ń wí?"

Ó gbé fóònù sí i lẹ́nu. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, délẹ̀délẹ̀. Ìyá ìyá mi ló ń pe Àbẹ̀ẹ́bí.

"Ohùn rẹ̀ kò já geere," ni mo sọ fún un.

Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n máa bọ̀. Mo pa fóònù.