Kọ̀ǹpútà Yàrá Fáìlì

"Ó tún ti béèrè o!"

Àǹtí mi fi ọwọ́ gbá tábìlì. Ìgbà keje nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo tí àpótí kékeré náà yọ sójú kọ̀ǹpútà wọn, tó ń béèrè páswọ́ọ̀dù bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ. Nígbà míì á gbà á, nígbà míì á ní irọ́ ni.

Àǹtí, àbúrò màmá mi, ni akọ̀wé ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀. Ọlidé ni, mo ń bá wọn to ìwé kí n tó wọ kíláàsì àṣekágbá. Wáyà so gbogbo kọ̀ǹpútà ibẹ̀ mọ́ ọ̀kan ńlá ní yàrá ọ̀gá, níbi tí àwòrán ilẹ̀ gbogbo oníbàárà wà. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá ní kí oníkálukú pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù rẹ̀. Láti ìgbà tí Àǹtí ti pààrọ̀ tiwọn ni wàhálà ti dé.

"Ìfura loògùn àgbà," ni Àǹtí sọ fún mi, wọ́n sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹnì kan ń fi orúkọ mi wá ọ̀nà wọlé. La ojú ẹ sílẹ̀."

Báyìí ni mo ṣe di ọlọ́pàá tí ẹnikẹ́ni kò gbà síṣẹ́. Ọ́fíìsì náà ò sì rọrùn mọ́. Ayàwòrán ń fi ìwé bo ọwọ́ tó bá fẹ́ tẹ̀wé. Tí ẹnì kan bá wúkọ́ lẹ́yìn ẹlòmíràn, onítọ̀hún á yíjú wò ó bí ẹni wo olè.

Ẹni tí ojú mi wà lára wọn jù ni bàbá tó ń tọ́jú fáìlì. "Má-fọwọ́-kàn-án" ni a ń pè wọ́n, torí ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn fún ẹni tó bá sún mọ́ tábìlì wọn. Èmi nìkan ni wọn kì í sọ ọ́ fún. Wọ́n tilẹ̀ máa ń jẹ́ kí n jókòó ti kọ̀ǹpútà wọn, èyí tí wọn kì í pa tọ̀sán-tòru, kí n kàwé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, mo yọjú sí yàrá fáìlì. Bàbá ń tẹ kọ̀ǹpútà náà ní kẹ́-kẹ́-kẹ́. Bí wọ́n ṣe rí mi ni wọ́n sáré fi ìwé ìròyìn bo ojú rẹ̀. Mo sáré tọ Àǹtí lọ.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà. Wọ́n ń yọ́ ọ ṣe ni."

Ọ̀gá pe Bàbá síwájú gbogbo wa. "Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá fáìlì sílẹ̀. Tí ẹnjiníà kọ̀ǹpútà tí mo pè bá fi lè sọ lọ́la pé láti yàrá yín ni, iṣẹ́ ti tán nìyẹn."

Bàbá gbé kọ́kọ́rọ́ náà sórí tábìlì. "Ọdún méjìlélógún," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Ọmọbìnrin tínínrín kan ni ẹnjiníà tó dé lọ́jọ́ kejì. Kò wo kọ̀ǹpútà Àǹtí rárá, ọ̀kan ńlá ló kọ́kọ́ ṣí.

"Láti yàrá fáìlì ni orúkọ yín ti ń kanlẹ̀kùn," ló wí fún Àǹtí.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀!" ni ọ̀gá wí.

"Ẹ mú sùúrù, sà. Ó kàn án ní aago mẹ́ta òru. Ta ló wà níbí nígbà yẹn?" Ó tọ́ka sí yàrá fáìlì. "Èèyàn kọ́, kọ̀ǹpútà ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Ẹnì kan ló fi páswọ́ọ̀dù àtijọ́ pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà yẹn. Kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ni kọ̀ǹpútà náà fi ń ṣí àgádágodo tuntun. Tó bá ti kùnà léraléra, kọ̀ǹpútà ńlá á ti orúkọ náà pa fúngbà díẹ̀."

"Ta ló fi í pamọ́?"

"Ìyẹn ò hàn, sà."

"Ta ni ì bá tún jẹ́, bí kò ṣe ẹni tó ń jókòó síbẹ̀?"

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Orúkọ Àǹtí nìkan ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá ọ́fíìsì ń gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, mo ti yọ́ wo ọwọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ páswọ́ọ̀dù, mo sì ti lọ fi í tẹ ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ fún èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ní yàrá fáìlì. Kọ̀ǹpútà náà bi mí bóyá kí òun máa rántí rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sì gbàgbé pátápátá.

Tí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo wo Bàbá lórí bẹ́ǹṣì níta, àpò oúnjẹ wọn lórí ẹsẹ̀, bí ẹni tó ti ń dágbére. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbórí sókè.

"Èmi ni, sà."

Àǹtí yíjú wò mí. Ọ̀gá pe Bàbá wọlé, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì béèrè ohun tí Bàbá ń fi kọ̀ǹpútà ṣe lọ́sàn-án.

Bàbá wolẹ̀. "Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka mẹ́wàá tẹ̀wé ni. Mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọdé fi mí rẹ́rìn-ín."

Ọjọ́ náà ni iṣẹ́ mi parí níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ bẹ Bàbá. Wọ́n ní kí n dìde, ó ti tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo nawọ́ láti kó ìwé mi lórí tábìlì wọn, wọ́n wò mí, wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́:

"Má fọwọ́ kàn án."

Wọ́n fọwọ́ ara wọn kó o fún mi. Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá fẹ́ bù ú fún ẹlòmíràn kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kó fura sí ara rẹ̀ ná. Èmi ò tọ́ ọ wò kí n tó gbé e fún ẹni tó fọkàn tán mi.